Omi Ni À Ń Tọ́jú: Àlàyé lórí Sísin Iyùn Ààyè nínú Àpótí Dígí, pẹ̀lú Àgbéyẹ̀wò Agbègbè Ìkìrun

Àṣamọ̀

Iyùn tòótọ́ tí àwọn ọba ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ kì í ṣe òkúta. Egungun ẹranko inú òkun ni. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń sin ìbátan ẹranko náà láàyè nínú àpótí dígí inú ilé, láti orí omi àti iyọ̀ títí dé orí ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ. Kókó iṣẹ́ náà ni pé kì í ṣe iyùn gan-an ni olùtọ́jú ń tọ́jú bí kò ṣe omi tí iyùn ń gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ náà gbé ìmọ̀ yìí ka orí ipò nǹkan ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ó sì dábàá ohun tí olùkọ́ lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láìra iyùn kankan.

Ìfáàrà

Bí ọba bá jókòó ní ọjọ́ ọdún, ìbáà jẹ́ Akìrun ní Ìkìrun tàbí Olókukù ní Òkukù, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ọwọ́ wà lára ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí lẹ́yìn adé. Nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, sẹ̀gi àti iyùn ló gbajúmọ̀ jù. Sẹ̀gi, dígí ni. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí níbẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Iyùn kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òkúta pupa kan wà tí a ń pè ní iyùn nítorí àwọ̀ wọn, ṣùgbọ́n iyùn tí àwọn oníṣòwò Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí Ìbíní láti ìparí ọ̀rúndún 15, egungun ẹranko kan tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà ni.

Ní òde òní, àwọn ènìyàn wà ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń sin àwọn ìbátan iyùn yìí láàyè nínú ilé. Àpótí dígí ni wọ́n ń kó wọn sí, pẹ̀lú omi iyọ̀, àpáta, ìgbín òkun àti ẹja wẹ́wẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń pè ní òkun inú dígí nìyẹn.

Ìkìrun jìnnà sí òkun. Láti ibẹ̀ dé etíkun Èkó ju 200 kìlómítà lọ. Omi tí àwọn ará agbègbè náà mọ̀ ni omi odò Ọ̀tìn, omi kànga àti omi òjò. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni olùkọ́ Ìkìrun fẹ́ fi ìmọ̀ iyùn ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin tí ó de òkun inú dígí náà ni ó de kànga, odò àti adágún ẹja. Nínú dígí, òfin náà tètè ń hàn, ìyà tí ó sì ń fi jẹ ẹni tí ó bá rú u kì í pẹ́ dé. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí dáhùn: kí ni ó ń mú kí iyùn yè nínú dígí, èwo nínú rẹ̀ ni ó sì ṣeé ṣe ní Ìkìrun?

Irú ẹ̀dá tí iyùn jẹ́

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà pé ohun ọ̀gbìn ni iyùn, nítorí pé ó yẹ̀ka bí igi. Láàárín ọdún 1720 sí 1730 ni Jean-André Peyssonnel, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, wo iyùn nígbà tí ó ṣì wà nínú omi. Ó ṣàkíyèsí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní òdòdó rẹ̀ a máa na apá, a sì máa ká a kò. Ó sọ pé ẹranko ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò tètè gbà fún un, ṣùgbọ́n òun ni ó jàre.

Ẹyọ ẹranko iyùn kéré púpọ̀. Ó ní ẹnu kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ìgbẹ́ ń gbà jáde. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní oró yí ẹnu náà ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a máa gbé pọ̀ bí ará agbo ilé kan. Wọ́n ń fa kálísíọ̀mù láti inú omi, wọ́n sì ń fi mọ egungun líle sí abẹ́ ara wọn. Orí egungun àwọn tí ó ti kú ni àwọn alààyè ń kọ́lé lé, bí ìran kan ṣe ń kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ ìran tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ti ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di òkìtì iyùn ńlá lábẹ́ òkun.

Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ń gbé inú òkùnkùn, kì í sì í mọ òkìtì. Àwọn tí ó ń mọ òkìtì, tí ó sì pọ̀ nínú òkun inú dígí, ní àlejò nínú ara wọn. Àlejò náà ni ohun wínníwínní kan tí ó jẹ́ ìbátan ewé inú omi. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe, ó sì ń fún onílé rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Onílé náà ń fún un ní ibùgbé, ìgbẹ́ onílé sì ni ajílẹ̀ tí àlejò ń lò. Àwọ̀ mèremère tí ojú ń rí lára ọ̀pọ̀ iyùn, ara àlejò yìí ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Bí omi bá gbóná jù, àjọgbé náà a túká: onílé a lé àlejò jáde, ara rẹ̀ a sì funfun báláú. Bí ooru náà kò bá tètè rọlẹ̀, ebi ni yóò pa á.

Èyí ni ó fa á tí etíkun Nàìjíríà kò fi ní òkìtì iyùn ńlá. Odò Ọya àti àwọn odò mìíràn ń da omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ sínú òkun. Omi náà ń dín iyọ̀ kù, ẹrẹ̀ sì ń dí ìmọ́lẹ̀. Ní apá Gánà àti Côte d'Ivoire, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní àwọn oṣù kan nínú ọdún. Iyùn wà ní São Tomé, Príncipe àti Cape Verde, ṣùgbọ́n kò mọ òkìtì tí ó tó ti àwọn òkun mìíràn. Láti inú èyí ni a ti lè rí ohun mẹ́rin tí iyùn ń béèrè: iyọ̀ tí kì í yí padà, omi tí ó mọ́, ìmọ́lẹ̀, àti ooru tí ó wà ní ìwọ̀n. Iṣẹ́ olùtọ́jú kò ju pé kí ó pèsè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀kankan yẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ àwọn aṣáájú

Ní ọdún 1846, obìnrin kan tí ń jẹ́ Anna Thynne kó iyùn láti etíkun Torquay lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà, kò sì sí pọ́ǹpù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ a máa da omi òkun náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ewéko òkun kún un, ewéko náà sì ń tú atẹ́gùn ọ́síjìn sínú omi. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí àpótí rẹ̀ fi wà. Nínú ìtàn rẹ̀, kì í ṣe iná mànàmáná ni iyùn nílò, bí kò ṣe omi tí ń rìn àti atẹ́gùn tí ń wọlé. Iná wulẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ ìránṣẹ́bìnrin yẹn ń ṣe ni.

Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng ti ìlú Jakarta ní Indonéṣíà ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn fún àwọn olùsin ẹja. Àpáta tí ó ti wà nínú òkun ni ó kó sínú àpótí, tòun ti gbogbo ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀dá náà ni ó ń bá a fọ omi. Orí ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ òkun inú dígí dúró lé títí di òní.

Omi àti iyọ̀

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè di omi òkun. Púpọ̀ nínú omi òkun ni iyọ̀ ọbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n magínísíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn wà nínú rẹ̀ tí iyùn kò lè ṣe aláìní. Iyọ̀ tí a dìídì pò fún iṣẹ́ yìí ni a ń lò. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀. Nítorí náà, àpótí tí ó gba 200 lítà ń fẹ́ nǹkan bí kílò 7. Omi náà nìkan wọn 200 kílò, kò sì yẹ kí a gbé e ka tábìlì hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Àpótí ńlá sàn ju kékeré lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé bí omi bá ti pọ̀ tó ni àyípadà rẹ̀ ṣe ń lọ́ra tó.

Omi tí a ó pò iyọ̀ náà sí gbọ́dọ̀ mọ́ ju omi mímu lọ. Kílóríìnì inú omi ẹ̀rọ ń pa ẹ̀dá inú àpótí. Omi òjò tí ó gba orí páànù kọjá lè ti bá síǹkì àti eruku lọ, síǹkì àti kọ́pà sì jẹ́ májèlé fún iyùn bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Omi kànga lè ní náítíréètì nínú, pàápàá bí ṣáláńgá bá wà nítòsí. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú fi ń lo ẹ̀rọ tí ó ń sẹ́ omi títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ rí yóò tètè mọ̀. Bí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ a gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ a sì le. Omi ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Iyọ̀ kì í bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkun inú dígí. Nígbà ọyẹ́ ní Ìkìrun, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi inú àpótí yóò máa fà lójoojúmọ́. Bí olùtọ́jú bá fi omi iyọ̀ kún un, iyọ̀ yóò pọ̀ jù, iyùn yóò sì kú. Omi lásán tí ó mọ́ ni a fi ń dí ohun tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbé lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí

Gbogbo ẹja àti iyùn ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí wọ́n bá sì jẹ kù a máa jẹrà. Láti inú rẹ̀ ni amóníà ti ń jáde, májèlé sì ni. Nínú òkun ńlá, amóníà náà kò já mọ́ nǹkan. Nínú dígí, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi pa gbogbo ẹ̀dá tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń gbà wọ́n sílẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí. Oríṣi kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Oríṣi kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ìpalára rẹ̀ kéré púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi irú àwọn kòkòrò yìí hàn nínú ilẹ̀. Àwọn kan náà ni ó ń sọ ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ tí àgbàdo lè lò nínú oko.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dé lọ́jọ́ kan. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń pọ̀ tó lórí àpáta àti yanrìn inú àpótí. Ní gbogbo àkókò náà, àpótí gbọ́dọ̀ wà láìsí ẹja, láìsí iyùn. Oúnjẹ ẹja díẹ̀ ni olùtọ́jú ń jù sínú rẹ̀ kí ó lè jẹrà, tí yóò sì máa wọn amóníà àti náítíráìtì títí méjèèjì yóò fi di òdo. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Omi mọ́ gaara lójú, wọ́n a sì rò pé ó ti yá. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí amóníà. Yorùbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú koko-ko ní í le.

Ìmọ́lẹ̀, ìgbì àti ooru

Nítorí àlejò tí ó wà nínú ara iyùn, ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Iná tí àwọ̀ rẹ̀ fà sí búlúù ni wọ́n sábà ń lò, nítorí pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ inú òkun jìnnà jù. Wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Ìgbì náà ṣe pàtàkì: iyùn kò lè rìn lọ bá oúnjẹ, omi ni ó gbọ́dọ̀ gbé e wá bá a, kí ó sì gbé ìdọ̀tí lọ kúrò lára rẹ̀.

Ooru tí ó bá iyùn mu wà láàárín dígírì 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá kọjá 29 tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, ewu dé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rọ amúgbóná ni àwọn olùtọ́jú ń rà. Ní Ìkìrun, níbi tí ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta sábà máa ń kọjá 32, ẹ̀rọ amútútù ni iṣẹ́ kàn. Fáànù tí ó ń fẹ́ sí ojú omi lè dín ooru kù ní dígírì mélòó kan, ṣùgbọ́n omi tí yóò máa gbẹ yóò pọ̀ sí i.

Ìtọ́jú lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dúró

Bí omi bá ti yá, ìgbín òkun tí ń jẹ ewé ara dígí ni ó ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹja kan tàbí méjì, kí iyùn tó tẹ̀lé wọn. Àwọn iyùn aláìlégungun bíi Discosoma àti Sarcophyton ni wọ́n rọ̀ jù fún ẹni tuntun. Acropora, tí ó ń yẹ̀ka bí igi, kò gba ìwàkuwà. Àwọn ìbátan iyùn tí ń jẹ́ Zoanthus àti Palythoa rọrùn láti sìn, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ní oró tí ó lè pa ènìyàn. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, kò sì gbọdọ̀ se àpáta tí wọ́n wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láéláé, nítorí pé ooru omi náà lè gbé oró lọ sí imú àti ojú.

Iyùn elégungun ń jẹ kálísíọ̀mù inú omi tán díẹ̀díẹ̀. Nínú òkun, ìwọ̀n rẹ̀ tó mílígíráàmù 400 lé díẹ̀ nínú lítà kan, iye yìí ni olùtọ́jú sì ń gbìyànjú láti dì mú. Pípààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń dá púpọ̀ nínú ohun tí ó ti tán padà, ó sì ń dín náítíréètì kù.

Ìwọ̀n ìmọ̀ yìí ní Ìkìrun

Bí iná mànàmáná bá lọ, iyùn kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Atẹ́gùn ọ́síjìn inú omi ni yóò kọ́kọ́ máa dín kù, bí ẹja bá sì ti pọ̀ tó ni yóò ṣe yára tó. Pọ́ǹpù kékeré kò gba iná púpọ̀. Bátìrì àti páńẹ́lì oòrùn lè gbé e. Àwọn tí ó ń jẹ iná gan-an ni fìtílà àti ẹ̀rọ amútútù. Ẹni tí kò bá lè dá iná fún méjèèjì yìí lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní lè dá iyùn elégungun sí. Òtítọ́ ni èyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó náwó.

Ọ̀ràn kejì ni ibi tí iyùn ti ń wá. Òfin àgbáyé lórí ṣíṣòwò ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1974, ka iyùn elégungun mọ́ àwọn tí a kò gbọdọ̀ kó kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Ìdí wà fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé iyùn tún ti ń funfun káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀ tí a mọ̀ láti ọdún 1998. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ooru tí ó lè fa ìfunfun ti kan ohun tí ó lé ní ìpín 80 nínú 100 òkìtì iyùn ayé. Nítorí náà, èyí tí a gé láti ara iyùn tí ó ti wà nínú dígí ni ó yẹ kí olùtọ́jú rà. Bí àgbẹ̀ ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ tí ó sì ń gbìn ín ni wọ́n ṣe ń gé e: ẹ̀ka náà yóò ta, ìyá rẹ̀ yóò sì rúwé padà.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí iyùn ń kọ́ni ni a lè rí láìsí iyùn. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ bu oje ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ ìkarahun ìgbín sí i. Yóò máa hó wẹ́wẹ́. Èròjà kan náà ni ìkarahun ìgbín àti egungun iyùn. Báyìí ni omi kíkan ṣe ń jẹ wọ́n.

Èkejì, kí wọ́n fi ẹyin adìẹ tútù sínú omi lásán, yóò rì. Kí wọ́n máa bu iyọ̀ sí omi náà títí ẹyin yóò fi léfòó. Orí ọgbọ́n yìí ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi dúró lé.

Ẹ̀kẹta ni àpótí omi lásán. Kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ odò tí a ti fọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi ewéko inú omi sí i, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò pa. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni, kí ó sùn nínú garawa láìdé kí kílóríìnì rẹ̀ lè fò lọ. Ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́ láti inú adágún ẹja tí ó ti pẹ́ yóò mú àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí wá kíákíá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n fi ọmọ ẹja ẹpìà méjì sí i. Bí wọ́n bá fi ọmọ àrọ̀ sínú àpótí mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé àrọ̀ a máa gòkè wá gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ẹpìà kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò mọ ẹni tí ó nílò pọ́ǹpù nínú àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Bí wọ́n bá dàgbà ju àpótí lọ, adágún ni ilé wọn.

Ìgúnlẹ̀

Láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, ni ó ti hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ gbẹ, agbo ilé, igi ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀ ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Ìkìrun kò tíì fojú rí.

Omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ kí á tó tẹ iyanrìn. Ẹni tí ó ra iyùn kí omi rẹ̀ tó yá, òkú ni ó rà. Ẹni tí ó bá mọ omi í tọ́jú, bí kò tilẹ̀ ní ju ẹpìà méjì lọ nínú dígí lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó ti mọ ohun tí iyùn nílò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò máa fi ojú mìíràn wo kànga ilé wọn àti odò Ọ̀tìn.